Sùtánà Dádì àti Àjẹ̀ Tí Fọláránmi Gé

Lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì Fọláránmi, lẹ́yìn àpótí irinṣẹ́, àgékù ọ̀pá kan wà níbẹ̀ tó fi àkísà wé. Kò gùn ju àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà lọ. Kò wúwo. Bí ọmọdé bá rí i, á fi ṣe fèrè. Ṣùgbọ́n nígbàkigbà tí Fọláránmi bá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì náà láti wọ bàtà, ńṣe ló máa ń dà bíi pé nǹkan náà ń wo gìgísẹ̀ òun. Àwọn àgbà ní àgékù ejò ni í ṣoro bí agbọ́n. Ó ti ń gbọ́ òwe yẹn láti kékeré, kò mọ̀ pé ó kan àgékù ọ̀pá àjẹ̀ tí wọ́n fi ń wa ọkọ̀ ojú omi pẹ̀lú, àfìgbà tí tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ta á.

Kì í ṣe èèyàn burúkú o. Iṣẹ́ sólà àti ínfátà ló ń ṣe fún àwọn onílé káàkiri Àjà, kò sì kọ́ ọ lọ́dọ̀ ọ̀gá kankan. Orí fóònù ló ti kọ́ ọ. Orí fóònù náà ló ti kọ́ irun gígẹ̀, tó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń tún ẹ̀rọ ìfọṣọ ṣe àti bí wọ́n ṣe ń yan búrẹ́dì nínú ìkòkò lásán. Bó bá ti rí ohun tuntun, ojú rẹ̀ á tàn, ọwọ́ á máa yún un, kó tó wo fídíò náà dé ìdajì, ó ti dìde, ó ń wá irinṣẹ́. Sìdíkàt, télọ̀ kan tó ní ṣọ́ọ̀bù nítòsí ọjà Àjà, tí Fọláránmi bá so sólà kékeré mọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, tí wọ́n sì ti fi ìyẹn di ọ̀rẹ́ tó ń bú ara wọn, ló máa ń sọ pé ọwọ́ Fọláránmi a máa dé ibi iṣẹ́ kí orí rẹ̀ tó kúrò nílé.

Nínú gbogbo ohun tó ti kó lé orí, kò sí èyí tó gba ọkàn rẹ̀ tó káyáàkì. Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì jókòó sínú rẹ̀ rí, ẹ gbọ́. Ọkọ̀ tín-ín-rín ni, kì í gbà ju ẹnì kan lọ, ìdí rẹ̀ súnmọ́ omi débi pé ẹ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ pé orí omi gan-an lẹ jókòó sí. Àjẹ̀ rẹ̀ kò rí bíi ti àwọn apẹja wa. Ewé méjì ló ní, ọ̀kan lórí, ọ̀kan nídìí, ọ̀pá gígùn kan ló so wọ́n pọ̀. Bí ewé ọ̀tún bá ti ń jáde nínú omi, ti òsì á ti máa wọlé. Láàárọ̀ Sátidé, kí ara òòrùn tó le, bí ọ̀sà bá tẹ́ pẹrẹsẹ bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi áyọ́ọ̀nù tẹ̀, kí ẹ wá rí bí ọkọ̀ yẹn ṣe ń yọ́ lọ. Ẹ ó rò pé ẹ ti di ẹyẹ.

Fóònù kọ́ ló kọ́ ọ ní èyí. Bàbá Akínọ̀ṣọ́ ni, ẹni tó ni ilé tí Fọláránmi gba bíkíù, ilé kékeré ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, ní Thomas Estate. Dádì Síjì ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n, nítorí Olúwaṣíjibòmí ọmọ wọn tó ti lọ sí òkè òkun. Ọmọ yẹn ló fi káyáàkì àti àjẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Láti ọjọ́ Ajé títí dé ọjọ́ Ẹtì, Dádì á jí ní kùtùkùtù, wọ́n á kọjú sí ibi iṣẹ́ wọn ní Ìbẹ̀jú-Lekki, wọn kì í sì í délé kí òòrùn tó wọ̀. Àmọ́ tó bá ti di Sátidé, wọ́n á pe Fọláránmi, àwọn méjèèjì á jọ gbé ọkọ̀ náà lé orí mọ́tò, ó di etí ọ̀sà ní Bàdóre. Èjìká wọn máa ń dọ́gba bí wọ́n bá gbé e. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Lọ́jọ́ kan ni wọ́n gbé Dádì wálé láti ibi iṣẹ́. Ẹnu ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, apá òsì àti ẹsẹ̀ òsì kò gbọ́ràn mọ́. Rọpárọsẹ̀ ni. Ilé ìwòsàn ṣe tiwọn, ìjọ ṣe tiwọn. Ìjọ aláṣọ funfun ni Dádì àti Mọ́mì, ìyàwó wọn, ń lọ, àwọn ìyá ìjọ sì gba àwẹ̀ títí ètè wọn fi gbẹ. Díẹ̀díẹ̀, Dádì bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó. Nígbà tó yá, wọ́n ń fi ọ̀pá ìtilẹ̀ rìn, wọ́n á tẹ̀ síwájú lé e lórí, ẹsẹ̀ òsì á máa wọ́ tuuru bọ̀ lẹ́yìn. Nọ́ọ̀sì tó máa ń wá bá wọn na apá ló wá sọ pé wíwa ọkọ̀ lórí omi tó bá pa rọ́rọ́ lè ran apá náà lọ́wọ́, bí èèyàn bá wà nítòsí. Láti ọjọ́ náà, Dádì kò ní ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu ju omi lọ. Wọ́n ní kí Mọ́mì wá fìlà òòrùn àwọn jáde. Wọ́n á fi apá tó ń ṣàìsàn wa afẹ́fẹ́ níbi tí wọ́n jókòó sí, wọ́n á ní àwọn ti dé Bàdóre.

Ìyẹn ni wọ́n fi pe Fọláránmi síwájú ilé. Àjẹ̀ Síjì wà lórí itan wọn. Wọ́n ní òmìrán lọmọ yẹn, àjẹ̀ tó bá a mu kò lè bá àwọn mu, kí Fọláránmi gé e kó ṣe déédéé àwọn. Fọláránmi mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Èèyàn á nà ró, á gbé àjẹ̀ nàró sí ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀, á na ọwọ́ sókè. Ibi tí ìka bá ti lè kọ́ ni kí orí àjẹ̀ wà. Kí Dádì tó sọ̀rọ̀ tán, ó ti rí igi kan tó máa fi wọ̀n wọ́n.

Ohùn Mọ́mì ló kọ́kọ́ jáde láti inú ilé ìdáná.

“Fọláránmi, gbé igi yẹn sílẹ̀.”

Mọ́mì tẹ̀lé ohùn wọn jáde, omi ọṣẹ ń kán lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní nílé àwọn, wọn kì í fi igi wọn alààyè. Káfíńtà tó ń kan pósí ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá sì wọ̀n kì í dìde mọ́. Èèwọ̀ ni fún ẹni tí ara rẹ̀ le, ká má tíì wá sọ ti ẹni tí Ọlọ́run ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé dìde lórí àkéte. Dádì rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ṣebí Sìdíkàt télọ̀ ń wọn àwọn nígbà gbogbo.

“Sìdíkàt ń wọn àyà yín, ó ń wọn apá yín,” ni Mọ́mì wí. “Kò wọ̀n yín láti orí dé ẹsẹ̀ rí. Ẹni tí wọ́n bá ń wọ̀n láti orí dé ẹsẹ̀, kì í ṣe aṣọ ni wọ́n fẹ́ rán fún un.”

Nígbà tí Mọ́mì wọlé, Dádì ṣẹ́jú sí Fọláránmi, wọ́n ní kó fojú wọ̀n ọ́n.

Ojú. Bó bá jẹ́ ojú ló fi wọ̀n ọ́n, bóyá ì bá sàn. Àmọ́ ẹni tó kọ́ iṣẹ́ lórí fóònù kì í gba ojú gbọ́, ohun tó péye ló fẹ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Mọ́mì ti lọ sípàdé àwọn obìnrin ní ìjọ, Dádì ń tòògbé nínú yàrá. Fọláránmi gba ẹ̀yìnkùlé kọjá, ó rí sùtánà Dádì, aṣọ funfun gígùn tí wọ́n fi ń lọ sí ìjọ, lórí okùn. Háńgà ni Mọ́mì fi kọ́ ọ. Ó lọ sílẹ̀ gbọọrọ, èjìká rẹ̀ dúró ṣánṣán, etí rẹ̀ tẹ́jú, bíi pé Dádì fúnra wọn ló dúró níbẹ̀ láìsí orí, láìsí ọwọ́. Inú Fọláránmi kàn dùn ṣìnkìn. Wọ́n ní kí òun má wọn Dádì, wọn ò ní kí òun má wọn aṣọ. Ta ni kò sì mọ̀ pé ọrùn ẹsẹ̀ ni sùtánà Dádì ń dúró sí? Láti ìgbà tó ti mọ̀ wọ́n, kò fìgbà kan ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì dín.

Ó sáré gbé àjẹ̀ wá, ó gbé e ti aṣọ náà, ó fi màkà dúdú sàmì sára ọ̀pá ní ibi tí èjìká wà. Ó bẹ̀rẹ̀, ó sàmì síbi tí etí aṣọ wà. Atẹ́gùn ọ̀sà fẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, aṣọ yí, ẹnu màkà kan funfun. Nígbà tó wòkè, ó rí i pé ó ti kan ti èjìká náà. Ó fi itọ́ pa èyí tó wà létí aṣọ. Ó tàn sí i. Ó bá yí ẹ̀yìn aṣọ síwájú lórí háńgà, ó gbé àjẹ̀ rẹ̀, ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀ràn yìí ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan kì í yí ẹ̀yìn aṣọ síwájú.

Ní bíkíù rẹ̀, ó dúró ti ògiri, ó gbé àmì èjìká sí èjìká ara rẹ̀, ó wo ibi tí àmì kejì bọ́ sí. Kò dé ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀. Àárín ojúgun ló dúró sí. A jẹ́ pé Dádì fi àtẹ́lẹwọ́ kan kúrú sí i. Ó na ọwọ́ sókè, ó rí i pé àjẹ̀ náà bá òun mu bó ṣe wà, àtẹ́lẹwọ́ kan náà ló yẹ kó gé kúrò fún Dádì. Ó rántí, fún ìṣẹ́jú kan, pé èjìká àwọn máa ń dọ́gba nídìí ọkọ̀ náà. Ó tún rántí Dádì bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ lé ọ̀pá ìtilẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti dìde. Àìsàn a máa jẹ èèyàn, ló wí fún ara rẹ̀, ó sì gbé kẹ́tùlù kaná.

Ká má purọ́, iṣẹ́ ọwọ́ náà dùn. Ó da omi gbígbóná sí oríkèé ibi tí ewé àjẹ̀ ti wọnú ọ̀pá, títí gọ́ọ̀mù inú rẹ̀ fi rọ̀. Ó fi àkísà di ewé náà mú, ó fà á, ó jáde pẹ̀lú ohùn kan bí ìgbà tí wọ́n bá ṣí ìgò. Ó we sẹ́lótéèpù mọ́ ibi tó fẹ́ gé kí etí rẹ̀ má baà fàya. Ó fi nǹkan bo imú nítorí eruku rẹ̀ kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró. Ó mú ayùn irin, kò kánjú, ó ń yí ọ̀pá díẹ̀díẹ̀, àgékù sì já bọ́ láìfàya rárá. Ó fi sáńpépà ha etí rẹ̀, ó po gọ́ọ̀mù onítúùbù méjì, ó dá ewé padà, ó sì tẹ́ àjẹ̀ sílẹ̀ láti rí i pé ewé méjèèjì kọjú síbì kan náà. Ó pé. Ó rẹwà. Ó ya fọ́tò rẹ̀, ó kọrí sí Àjà.

Sìdíkàt wà nídìí ẹ̀rọ. Fọláránmi fi fọ́tò hàn án, ó sì sọ bó ṣe fọgbọ́n wọn Dádì láìwọn Dádì. Ó ń sọ ọ́, ó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rọ Sìdíkàt dákẹ́.

“Sùtánà wo lo wọ̀n?”

Ó ní èyí tó wà lórí okùn, sùtánà Dádì.

Sìdíkàt fi ọwọ́ bo ẹnu, ẹ̀rín ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìka rẹ̀. “Fọláránmi, o ti gé Dádì lẹ́sẹ̀.”

Òun gan-an ni Mọ́mì kó gbogbo sùtánà Dádì wá bá. Ẹsẹ̀ òsì tó ń wọ́ yẹn ti tẹ etí aṣọ lọ́jọ́ ìsìn kan, díẹ̀ ló kù kí Dádì ṣubú níwájú ìjọ. Mọ́mì ní kó ká wọn sókè, kó má fi ariwo ṣe é, kí Dádì má baà mọ̀ ọ́n lára. Sìdíkàt tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sórí tábìlì láti fi hàn án bó ṣe ká a tó. Fọláránmi wo àtẹ́lẹwọ́ náà. Kò ṣẹ̀ṣẹ̀ nílò ìwọ̀n kankan. Àgékù tó wà nílé ni wọ́n tẹ́ síwájú rẹ̀ yẹn.

Sìdíkàt rí ojú rẹ̀, ó fi yẹ̀yẹ́ sílẹ̀. “Ohun tó bá gùn ṣeé gé,” ló wí. “Èyí tó bá kúrú, ta ni yóò fà á? Lọ sọ fún wọn lónìí.”

Ó fẹ́ sọ ọ́ lónìí. Ó rò ó nínú kẹ̀kẹ́ márúwá láti Àjà dé geéètì, ó ti to ọ̀rọ̀ náà jọ lẹ́nu. Àmọ́ Dádì wà níwájú ilé, wọ́n dé fìlà òòrùn. Wọ́n béèrè pé àjẹ̀ àwọn ńkọ́.

“Gọ́ọ̀mù rẹ̀ kò tíì gbẹ, Dádì.”

Ó jáde lẹ́nu rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni pé ẹlòmíràn ló sọ ọ́. Irọ́ kì í sì í gbé inú ilé lóun nìkan. Lọ́jọ́ kejì ó ní gọ́ọ̀mù ìyẹn kò dára, òun máa ra òmíràn. Nígbà tó yá, ínfátà oníbàárà kan ló bàjẹ́ tó gba àkókò òun. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé kó má baà rí fìlà náà.

Ọjọ́ Sátidé ni Mọ́mì rí àmì náà. Wọ́n ń lọ aṣọ ìsìn. Wọ́n pe Fọláránmi wọlé, wọ́n tẹ́ sùtánà sórí tábìlì, wọ́n fi ìka hàn án: àmì dúdú kan léjìká, àmì dúdú kan létí aṣọ, wọ́n tò gbọọrọ, ọ̀kan ń wo ọ̀kan.

“Wọ́n ti wọn ọkọ mi,” ni Mọ́mì wí. Ohùn wọn kò lọ sókè rárá. “Láti èjìká dé ẹsẹ̀. Nínú ọgbà mi níbí.”

Fọláránmi la ẹnu. Mọ́mì ti ń bi í bóyá ó rí àjèjì kan tó wọlé, bóyá geéètì ṣí sílẹ̀ lọ́jọ́ tí àwọn lọ sípàdé. Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ìdáhùn tí ìbéèrè náà ń fẹ́. Ó ní òun ò rí àjèjì kankan. Òtítọ́ sì ni, èyí ló wá burú níbẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni Mọ́mì ti kéde pé Dádì kò gbọdọ̀ súnmọ́ omi. Wọ́n ní ẹni tó bá wọn èèyàn ní ibi tó fẹ́ mú un lọ, ta ló sì mọ̀ bóyá ọ̀sà ni. Wọ́n bọ́ sínú àwẹ̀. Woòlíì ìjọ wọn kò sọ pé òun rí nǹkan kan, ó kàn ní kí wọ́n tẹra mọ́ àdúrà, àwọn ìyá ìjọ sì ń wá bá wọn kọrin níyàrá àlejò, òórùn tùràrí ń gba ojú fèrèsé wọ bíkíù wá bá Fọláránmi níbi tó jókòó sí. Ó ń gbọ́ tí wọ́n ń gbàdúrà pé kí ọwọ́ tó fa àmì náà ṣàánú ara rẹ̀, kó jáwọ́. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Bó bá pàdé Mọ́mì nídìí ẹ̀rọ omi, á dọ̀bálẹ̀, á ní ẹ kú àdúrà, Mọ́mì. Mọ́mì á ní ìwọ náà kú àfaradà, ọmọ mi.

Ọmọ mi yẹn kò rọrùn láti gbé o.

Síbẹ̀, Dádì ló tú u palẹ̀. Wọ́n pè é síwájú ilé, fìlà òòrùn kò sí lórí wọn mọ́. Wọ́n ní ẹ̀rù ń ba Mọ́mì, àwọn kò lè máa wo ojú ẹ̀rù bẹ́ẹ̀ yẹn lójoojúmọ́. Wọ́n ní kí Fọláránmi bá àwọn wá ẹni tó máa gba káyáàkì náà, kó gbé e lọ pẹ̀lú àjẹ̀ rẹ̀, gọ́ọ̀mù ì báà gbẹ, kó má gbẹ. Wọn kò bínú. Apá òsì wọn wà lórí itan, bí ohun tí ẹnì kan gbàgbé síbẹ̀. Nọ́ọ̀sì ti sọ fún Fọláránmi ní geéètì pé Dádì kò fẹ́ na apá yẹn mọ́, wọ́n ń béèrè pé kí ni àwọn ń nà án sí.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, nígbà tí wọ́n dé láti ìjọ, tí wọ́n ṣì wà nínú funfun, tí ẹsẹ̀ wọn ṣì wà lásán, Fọláránmi wọlé. Ó gbé àjẹ̀ lọ́wọ́ kan, àkísà lọ́wọ́ kejì. Ó kó méjèèjì sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà rẹ̀ kan táìsì.

“Mọ́mì, èmi ni mo wọn aṣọ yẹn.”

Ó sọ gbogbo rẹ̀ láìgbójú sókè. Háńgà, màkà, atẹ́gùn. Bó ṣe yí ẹ̀yìn aṣọ síwájú. Ó sọ ti Sìdíkàt, ó wá bá ara rẹ̀ níbi tó ti tú àṣírí aṣọ tí wọ́n ká sókè fún Dádì, ó sì ti sọ ọ́ tán kó tó mọ̀. Ó sọ pé gọ́ọ̀mù náà ti gbẹ láti ọjọ́ tí òun ti fi í sí i. Ó tú àkísà, àgékù náà yí gbiri dé ẹsẹ̀ Mọ́mì.

Mọ́mì fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn kúrò lára rẹ̀.

“Ebi ń pa mí, Fọláránmi,” ni Mọ́mì wí. “O rí mi. Lójoojúmọ́ tí ètè mi gbẹ, o rí mi, o ń kí mi kú àdúrà. O gbọ́ orin àwọn ìyá tó pa ọjà wọn tì nítorí mi. Àjẹ̀ tó kúrú kọ́ ló dùn mí.”

Fọláránmi fẹ́ kí wọ́n gbá òun, wọn kò gbá a.

Dádì ní tiwọn ń wo àgékù náà nílẹ̀. Wọ́n wo etí sùtánà tó wà lọ́rùn wọn, wọ́n wo Mọ́mì, Mọ́mì gbójú sílẹ̀. Wọ́n wá yí sí Fọláránmi.

“Ṣé o rò pé àìsàn ti gé mi kúrú ni?”

“Dádì, ẹ jọ̀ọ́...”

“Dìde.”

Ó dìde. Dádì gbé ọ̀pá ìtilẹ̀ ti ògiri. Wọ́n fi ọwọ́ ọ̀tún di apá àga mú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í nà, bí ẹni tó ń ṣí ìlẹ̀kùn tó ti dípẹtà, ìbàdí kọ́kọ́, ẹ̀yìn tẹ̀lé e, ọrùn wá kẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n nà tán, ojú wọn wọnú ojú Fọláránmi gbọọrọ. Èjìká wọn dọ́gba, bó ṣe wà nídìí ọkọ̀ náà láti ọjọ́ yìí wá. Ìtìjú mú Fọláránmi débi pé òun gan-an ló fẹ́ tẹ̀ kúrú.

Dádì ní kó gbé àjẹ̀ náà wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn, kí àwọn rí bó ṣe kúrú tó. Ó nawọ́ sí i. Mọ́mì ní kó má fọwọ́ kàn án.

“Bí wọ́n bá máa wọn ọkọ mi,” ni Mọ́mì wí, “èmi ni màá wọ̀n ọ́n.”

Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n mú àjẹ̀, wọ́n gbé e nàró sẹ́gbẹ̀ẹ́ Dádì níhà òsì. Ètè wọn ń mì, bóyá sáàmù ni, bóyá ẹkún ni. Dádì gbé apá òsì. Ó dé àyà, ó gbọ̀n. Ó dé èjìká, ó dúró síbẹ̀ bíi pé kò ní lọ mọ́, òógùn sì ń yọ níwájú orí wọn. Ó tún gbéra. Ó kọjá orí ewé àjẹ̀, ó bọ́ sínú afẹ́fẹ́ lásán, ìka wọn ń wá nǹkan tí wọ́n máa kọ́, wọn kò rí i. Mọ́mì wo ọwọ́ náà lókè. Wọ́n fi ẹsẹ̀ ti àgékù sọ́dọ̀ Fọláránmi, wọ́n ní kó mú un fún àwọn. Wọ́n gbé e lé orí ewé àjẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ ara wọn dì í mú. Ìka Dádì bà á, níbi tí orí àjẹ̀ Síjì wà kí wọ́n tó gé e. Wọ́n kọ́ ọ.

“Ó tó,” ni Mọ́mì wí.

Wọn kò jáwọ́ nínú àwẹ̀ náà o. Wọ́n ní ohun tí àwọn bá Ọlọ́run sọ kì í ṣe nítorí Fọláránmi, àwọn á parí rẹ̀. Nítorí náà ló ṣe ń rí ètè wọn tó gbẹ ní gbogbo ìgbà tó fi ń tún àjẹ̀ ṣe ní ẹ̀yìnkùlé, Dádì jókòó lórí àga, wọ́n ń wò ó. Ó gbẹ́ igi líle kan títí tó fi wọ inú ihò ọ̀pá le-le, ó fi so àgékù pọ̀ mọ́ ìyókù, ó da gọ́ọ̀mù sí i, ó we okùn tín-ín-rín mọ́ ojú rẹ̀. Kò ya fọ́tò rẹ̀. Ó fà á, ó tẹ̀ ẹ́, ó fi ìdúró ara rẹ̀ dán an wò, kò sì yẹ̀. Àmọ́ ó wúwo díẹ̀ ju ti àtijọ́, ojú àpá sì wà níbẹ̀ bí ọrùn tí wọ́n fi ìlẹ̀kẹ̀ sí.

Ní Bàdóre, nígbà tí Mọ́mì ti gbà kí wọ́n lọ, Dádì jókòó sínú káyáàkì pẹ̀lú ẹ̀wù àmúléfòó. Fọláránmi wọ omi dé àyà, ó di okùn ìdí ọkọ̀ mú. Mọ́mì dúró ní èbúté. Ewé ọ̀tún wọlé, ó jáde. Ewé òsì lọ́ra, ó gbọ̀n, ó wọlé, omi sì ṣí fún un. Dádì pariwo kan tí kò ní ọ̀rọ̀ nínú. Lójú Fọláránmi, kò sí ohun tó tíì dára tó o láyé. Àmọ́ bí ọ̀pá náà bá ti yí, ojú àpá yẹn á han kẹ́ẹ́ nínú òòrùn, á tún lọ, ọkàn rẹ̀ á sì já pẹ̀lú rẹ̀. Ó yíjú sí èbúté, ó juwọ́ sí Mọ́mì. Mọ́mì ń wo ọkọ wọn.

Sùtánà ló wá kù. Mọ́mì gbé e fún un nílé, wọ́n ní kó fọ̀ ọ́. Ó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ó fi òróǹbó àti iyọ̀ ra á, ó ra spírítì ní Àjà. Dúdú di eérú, eérú kò sì lọ. Ó gbé e tọ Sìdíkàt lọ, ìyẹn ní òun lè fi aṣọ funfun kékeré lẹ̀ ẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Fọláránmi gbé ìmọ̀ràn náà dé ọ̀dọ̀ Mọ́mì pẹ̀lú ayọ̀. Wọ́n gba aṣọ náà, wọ́n wo àmì èjìká, wọ́n wo ti ìsàlẹ̀.

“Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀,” ni wọ́n wí. “Nígbà tí mi ò mọ ọwọ́ tó ṣe é ló bà mí lẹ́rù. Mo ti mọ ọwọ́ náà báyìí.”

Títí di òní, bó bá di ọjọ́ Ìsinmi, Fọláránmi ló máa ń ṣí geéètì fún wọn. Dádì á kọjá pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán, ẹ̀yìn wọn ń nà díẹ̀díẹ̀ sí i, àmì eérú náà léjìká wọn. Á kí Dádì, á kí Mọ́mì. Mọ́mì á dáhùn. Ó ń retí ọjọ́ tí wọ́n máa tún fi “ọmọ mi” sí i.